Etí La Fi Ń Wo Fíìmù

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Tanke lọ sí Post Office ní ọ̀sán Sátidé mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí. Awakọ̀ ń pe èrò, ọlọ́jà ń pe oníbàárà, ìyá oníwàrà ń kiri ọjà rẹ̀, gbohùngbohùn sì ń ké lójú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta fóònù. Síbẹ̀, nínú gbogbo ariwo yẹn, ó ṣòro kí èèyàn kọjá lábẹ́ afárá kó má gbọ́ ohùn òṣèré láti inú tẹlifíṣọ̀n kan: ọba ń bínú, ìyàwó ń sunkún, tàbí babaláwo ń pọfọ̀. Nígbà kan, àwo ni wọ́n ń tò sórí tábìlì tà. Ní báyìí, dátà ni wọ́n ń tà, YouTube ló sì gba ipò àwo. Àríyànjiyàn tó ń tẹ̀lé fíìmù nìkan ni kò yí padà. Fíìmù wo ló dùn jù? Ta ló mọ eré í ṣe?

Àwa náà ní èrò tiwa. A kì í ṣe lámèyítọ́ tí wọ́n ń sanwó fún. Yorùbá là ń kà ní yunifásítì, ohun tó bá sì wà la máa ń wò: ti ogun, ti ìfẹ́, ti apanilẹ́rìn-ín, ti òkè òkun. Bí àwòrán bá dára, a ó yìn ín. Bí aṣọ bá dára, a ó yìn ín. Ṣùgbọ́n etí la fi ń wo fíìmù. Ìgbà tí òṣèré bá lanu ni a tó ń mọ̀ bóyá àwọn tó ṣe é bọ̀wọ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí fíìmù ọba àti ogun, torí òun ló gbòde. Àníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lórí Netflix ní 2022 mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò gbọ́ Yorùbá jókòó ti eré Yorùbá. Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ dé ní 2023, House of Ga'a àti Lísàbí sì tẹ̀lé e ní 2024. Inú àwa tí a wà ní Kwárà tún dùn sí i lọ́nà mìíràn. Ọmọ Agbámù ni Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, tó bí Kúnlé. Ọmọ Ìlọrin ni Adébáyọ̀ Sàlámì, Ọ̀gá Bello, tó bí Fẹ́mi, Yunifásítì Ìlọrin níbí sì ni Fẹ́mi ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin.

Ohun tó wù wá nínú Àníkúlápó ni pé àlọ́ ni látòkèdélẹ̀. Sàró ahunṣọ kú, ẹyẹ àkàlà jí i, ó rí agbára tó fi ń jí òkú, ọ̀kánjúwà sì gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà tí kò dé sinimá rí lè sọ bó ṣe máa parí, kò sì ní tìtorí ìyẹn dìde. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé tó ṣe obìnrin olówó tó gba Sàró sílé náà ṣe bẹbẹ. Bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ gùn tó sì ń gé e kúrú, o máa mọ̀ pé ẹni tó ń gbádùn èdè ni.

Ṣùgbọ́n a ní ẹjọ́. Ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí a gbọ́ ọ nínú fíìmù ayé àtijọ́ pé jagunjagun tí kò rí òyìnbó rí sọ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé òun fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Aago ta ni ó wò? Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn ìyá wa máa ń sọ tí wọ́n bá rán wa níṣẹ́: àwọn á tutọ́ sílẹ̀, kó tó gbẹ ká ti dé. Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, a ò kàn bẹ̀ ẹ́ wò ni. Ẹjọ́ kejì wà lórí àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán. Akígbe ọba á ki oríkì títí ọrùn rẹ̀ á fi le, àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ á kàn ní kí ọba pẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á rò pé nǹkan kékeré la fi ẹnu tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sọ.

Ní ti House of Ga'a, àwa tí a ti ka Baṣọ̀run Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ní 1972 gbé ìwé náà sọ́kàn lọ wo fíìmù. Fẹ́mi Branch ṣe Gáà débi tí ojú rẹ̀ nìkan tó í dẹ́rù ba èèyàn. Bẹ́ẹ̀, ẹnu Gáà ló ń dẹ́rù bà wá nínú ìwé Fálétí. Ìwé kò ní ẹṣin, kò ní iná, kò ní ẹ̀jẹ̀ àfọwọ́ṣe, ọ̀rọ̀ nìkan ló ní, ọ̀rọ̀ náà sì tó.

Fíìmù ọba tí a kò ní kó dà nù láéláé ni Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ. Ọba Lápité ti ìlú Jogbo kò gbé ayé àtijọ́. Mọ́tò wà nínú ìlú rẹ̀, àwọn agégẹdú wà níbẹ̀, ṣọ́jà náà sì dé níkẹyìn. Ọdún tí ológun gbé ìjọba fún alágbádá ní Nàìjíríà ló jáde, ẹni tó bá sì wò ó mọ ìlú tí wọ́n ń bá wí. Fálétí fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Baba Ọ̀pálábá. Yorùbá tó jinlẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ òde òní, kò sì sẹ́ni tó ní kò yé òun.

Tí ọ̀rọ̀ bá kan fíìmù oògùn àti àjẹ́, Hubert Ògúndé ni baba. Ayé jáde ní 1979, Jáyésinmi tẹ̀lé e ní 1980. Nígbà yẹn, ẹni tó ń pọfọ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé orúkọ nǹkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọfọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yí ọ̀ràn padà á pe ewé àlùpàyídà, torí pé “yídà” wà nínú orúkọ ewé náà. Iṣẹ́ tí a rán ewé ti wà lára orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tí a ń wò báyìí, kọ̀ǹpútà ló ń mú iná jáde lójú òṣèré, òṣèré fúnra rẹ̀ á sì máa ka orúkọ ewé bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Iná yẹn kò lè bà wá lẹ́rù, torí ọ̀rọ̀ kò gbóná.

Ní ti apanilẹ́rìn-ín, ìran wa kò bá Bàbá Sàlá láyé eré dáadáa, àmọ́ a ti rí i tó so aago ńlá mọ́ra, tó wọ aṣọ tó gba èèyàn méjì. Ọ̀run Móoru tó ṣe ní 1982 dùn, àwọn ayédèrú sì dà á kọ, wọ́n sọ ọ́ di onígbèsè. Ohun tí a ń bọ̀ wá sọ ni pé ẹ̀rín Bàbá Sàlá kò nílò Gẹ̀ẹ́sì. Ahun ni, aláṣejù ni, ìyẹn ti tó.

Ní 2008 ni Fúnkẹ́ Akíndélé gbé Jenifa dé. Suliyat, ọmọ ìgbèríko tó wọ yunifásítì, sọ ara rẹ̀ di Jenifa, Gẹ̀ẹ́sì sì ń wó lẹ́nu rẹ̀ bí ilé alámọ̀ lásìkò òjò. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá, a ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ni obìnrin náà nínú iṣẹ́ rẹ̀: fíìmù rẹ̀ A Tribe Called Judah, tó jáde ní ìparí 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kan. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń wó lẹ́nu rẹ̀, ará oko ni nínú fíìmù wa. Tí ọmọ tó ti Lọ́ńdọ̀n dé bá wá ba Yorùbá jẹ́, ọmọ olówó ni, orin dídùn ni wọ́n á fi gbé e wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ọgbà ilé-ìwé. Ẹni tó bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ níwájú kíláàsì, orúkọ ìnagijẹ á lẹ̀ mọ́ ọn títí dé ọdún àṣekágbá. Ẹni tí kò lè ka iye owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Yorùbá, kò sẹ́ni tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìdí nìyí tí Ó Le Kú fi jẹ́ fíìmù ìfẹ́ tí a fẹ́ràn jù. Ìṣọ̀lá kọ ìwé rẹ̀ ní 1974, Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bíi tiwa ni Àjàní tí Yẹmí Ṣódìmú ṣe, ó ń wá ìyàwó, ọkàn rẹ̀ sì ń lọ sọ́dọ̀ Àṣàkẹ́, ó ń lọ sọ́dọ̀ Lọlá, ó ń lọ sọ́dọ̀ Ṣadé. Àwọn ìyá wa rántí aṣọ inú rẹ̀, ìró àti bùbá kúkúrú tí wọ́n ń pè ní oleku títí dòní. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ làwa rántí. Àwọn ọmọ yunifásítì ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń jowú, wọ́n ń tọrọ àforíjì, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù ìfẹ́ tòní, ọmọkùnrin á sọ Yorùbá títí dé ibi tó ti fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé ìfẹ́ kò ní Yorùbá ni?

Ẹ má ṣe sọ pé a fẹ́ kí gbogbo èèyàn máa sọ̀rọ̀ bí ìwé. Gangs of Lagos tó jáde ní 2023 da Yorùbá, pijin àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀, ó sì bá a mu, torí bí àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń ṣàfihàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní Post Office pàápàá, wàá gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Fúlàní àti Núpé kí o tó ra nǹkan kan. Àdàlù tó jẹ́ òótọ́ kò bí wa nínú. Ohun tó ń bí wa nínú ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ilé-ìwòsàn, báńkì tàbí ilé-ẹjọ́, tí Yorùbá á jókòó síta bí ẹni tí wọn ò pè.

Fíìmù òkè òkun náà ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Nínú The Woman King (2022), àwọn obìnrin jagunjagun Dàhòmì ń bá Ọ̀yọ́ jà ní 1823. Wíwò ó ní Ìlọrin yàtọ̀ sí wíwò ó níbòmíràn. Lóòótọ́ ni Dàhòmì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ kí Ọba Gezo tó já ara rẹ̀ gbà. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni Àfọ̀njá ti kẹ̀yìn sí Aláàfin níhìn-ín. Àwa tó jẹ́ pé èdè Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú Yorùbá tí a ń kà níwèé, tí a sì ń gbé ìlú tó já kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́, a ò mọ ẹ̀yìn ẹni tó yẹ ká wà. Fíìmù tó bá lè dá èèyàn dúró bẹ́ẹ̀ ti ṣiṣẹ́.

RRR, tó jáde ní 2022 kan náà, wá láti Íńdíà, èdè Telugu ni wọ́n fi ṣe é. Orin inú rẹ̀ gba Oscar ní 2023. Àwọn tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ ń jó o. Fíìmù Íńdíà kì í sì í ṣe àlejò nílùú yìí, ọ̀pọ̀ òbí wa ló ti fi omijé wò ó láìgbọ́ èdè. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Yorùbá ò ní jẹ́ kí fíìmù rìn jìnnà, kó wá àwíjàre mìíràn.

Èyí ni ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn. Tí a kò bá ṣọ́ra, Yorùbá tó dára á di èdè ààfin àti igbó, tí kò ní bá ẹni tó wọ ṣòkòtò jíìnì sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ń dàgbà á rò pé àwọn tó ti kú ló ni ín. Wọ́n ń bi wá lójoojúmọ́ pé kí la fẹ́ fi Yorùbá tí a ń kà ṣe. Ìṣọ̀lá tó kọ Ó Le Kú àti Ṣaworoidẹ, ọ̀jọ̀gbọ́n Yorùbá ni. Iṣẹ́ wà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ohun tí dókítà máa sọ fún aláìsàn, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Tanke máa sọ fún onílé rẹ̀ nígbà tí owó ilé bá pé, ohun tí ọmọbìnrin máa sọ fún ọmọkùnrin tó ń jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ń fi sọ gbogbo rẹ̀ ní Ìlọrin lónìí. Ó ku kí fíìmù gbọ́.