Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga

Bí èsì ìdánwò àṣekágbá bá jáde ní Ìkéré, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Emùré, ọ̀rọ̀ méjì ni ó sábà máa ń ti ẹnu òbí jáde. Bí ọmọ bá yege, wọn a ní, “Yunifásítì ni yóò lọ.” Bí ó bá kùnà, wọn a mí kanlẹ̀, wọn a ní, “Ẹ jẹ́ kí ó lọ kọ́ṣẹ́.” Báyìí ni a ṣe sọ iṣẹ́ ọwọ́ di ibi tí a ń da ọmọ tí ó kùnà ìwé sí. Irú èrò bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọmọ Èkìtì rárá.

Ta ni kò tíì gbọ́ nípa Ọlọ́wẹ̀, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére? Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni a bí i sí, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó gbé, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ láàfin Arínjálè. Ní nǹkan bí 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkéré. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àwọn aláṣẹ British Museum, ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ pamọ́ sí, rí i, wọ́n fẹ́ rà á. Kábíyèsí kò gba owó. Ìtẹ́ ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú Òyìnbó ni ó gbà dípò rẹ̀. Títí di òní, ilẹ̀kùn náà wà lọ́dọ̀ wọn.

Lẹ́yìn Ọlọ́wẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, wá sí Ọ̀yẹ́ Èkìtì láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ní ilé iṣẹ́ tí Fadá Kevin Carroll dá sílẹ̀ ní 1947. Ẹsẹ̀ ọ̀gá ni ó ti kọ́ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Òótọ́ ni pé irú Fákẹ́yẹ kò pọ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ọ̀nà láti ìsọ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ gíga là gbangba, kí ó má jẹ́ ti ẹni tí orí ṣe lóore nìkan. Ní 1977 ni ìjọba dá àjọ NBTE sílẹ̀ láti máa bójú tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́; ní 1992 ni wọ́n dá NABTEB sílẹ̀, láti máa ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí ó bá yege dáadáa nínú ìdánwò yìí àti ti JAMB lè wọ Pólì Ìjọba Àpapọ̀ ní Adó-Èkìtì, èyí tí wọ́n kó wá láti Àkúrẹ́ ní 1982. Ní Ìkéré pàápàá, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ di Yunifásítì Ẹ̀kọ́, Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní 2020. Orúkọ Bámidélé Olúmìlúà, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà kan rí, ni wọ́n fi pè é.

Síbẹ̀, afárá náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Ẹ wo ọmọkùnrin kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ jórinjórin ní Emùré. Ó lè ṣe géètì tí kò ní wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó ya igun irin sórí ìwé, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n. Kò sì ní ìwé ẹ̀rí Ìṣirò àti ti Gẹ̀ẹ́sì tí Pólì ń bèèrè. Bí ìyá rẹ̀ bá tọ olùkọ́ lọ, tí ó ní, “Tíṣà, ṣé ìwé ọmọ mi ti parí nìyẹn?” èsì rere kan ni ó wà: “Rárá o, Màmá. Kí ó má fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó máa wá kàwé nírọ̀lẹ́, kí ó sì forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè ya igun náà kò tíì di òòlù mú rí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí èsì ìdánwò bá tún jáde, ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín ẹgbẹ́ yín tí ó gba ọ̀nà ìsọ̀ lọ. Ó lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà Pólì ni ẹ ó ti tún pàdé.