Ẹ Gba Owó Ẹgbẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ní cerebral palsy. Ọmọ tí kò tètè ké ni mí. Atẹ́gùn kò dé ọpọlọ mi bó ṣe yẹ, ibi tó ń darí iṣan sì fara gbọgbẹ́. Kò sí ọwọ́ ayé níbẹ̀, ìyá mi kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kì í sì í ràn. Ibà pọ́njú tí wọn kò tètè tọ́jú lára ìkókó lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn tó bá wọ ọpọlọ ọmọ kékeré. Ọgbẹ́ náà kì í fẹ̀ sí i bí a ṣe ń dàgbà, àmọ́ kì í jinná, iṣan tó ń fi ojoojúmọ́ bá a wọ̀yá ìjà sì máa ń tètè rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá mú, ẹsẹ̀ mi á le gbagidi. Bí ẹnikẹ́ni bá kán mi lójú, ọwọ́ ọ̀tún mi á ká kò, ọ̀rọ̀ á sì máa fà lẹ́nu mi. Làákàyè mi pé.

Topo ni mo ń gbé, létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì, láàárín igi àgbọn. Ìlú iṣẹ́ ni. Ní 1876 ni àwọn àlùfáà Àgùdà dá oko sílẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ASCON wà, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1973 láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọba bí a ṣe ń darí iṣẹ́ ìlú. Èmi náà kò jókòó lásán. Mo máa ń bá àwọn oníṣòwò tó ń ná ọjà Agbálátà kọ ìwé owó wọn: iye àgbọn tó jáde, iye ẹja tó wọlé, ẹni tó jẹ gbèsè. "Akọ̀wé, ẹ bá mi wò ó, ṣé mo jèrè àbí mo jẹ gbèsè?" Ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi ń tẹ kọ̀ǹpútà. N kò yára, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kì í sọnù nínú ìwé mi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń padà wá.

Mo máa ń tètè jí kí n lè na ẹsẹ̀ àti apá kí n tó wọṣọ. Onímárúwá tó ń gbé mi mọ̀ pé kí òun dúró pẹ́kípẹ́kí sí pèpéle. Bí ẹnu bá ti rẹ̀ mí, màá tẹ ọ̀rọ̀ mi sórí fóònù. Bí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó, mo máa ń lọ, mo máa ń jó níwọ̀n tí ẹsẹ̀ mi bá gbà, mo sì máa ń náwó fún ọlọ́jọ́ ìbí bí gbogbo èèyàn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ àdúgbò wa, wọ́n dá owó aṣọ ẹbí, wọ́n ní kí n má san. Wọ́n pín iṣẹ́ ìsìnkú, wọn kò pín fún mi. "Ẹ jẹ́ kó sinmi," ni wọ́n ń wí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ńlá délẹ̀, kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ mi. Ẹni tí a kò bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, a kì í gba ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀. Mo tọ ìyá ẹgbẹ́ lọ, mo ní, "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá pẹ́ dé ìpàdé, ẹ gba owó ìtanràn náà." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ó dáa. Lónìí èmi ni akápò. Ọjọ́ tí ẹnìkan kọ́kọ́ bá mi jiyàn gidi lórí ìṣirò owó, inú mi dùn, torí kò fi àánú dá mi sí.

Lóòótọ́ mo nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹnìkan ló máa ń di apá mi mú kí n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni náà gan-an ni mo ń bá ṣírò èrè rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Kò sí ẹni tó ń dá ayé gbé. Ohun tó ń dùn wá ni kí wọ́n máa fún wa lásán, kí wọ́n má gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa.

Ẹ wo Farida Bedwei, ọmọ Gánà tí wọ́n bí sí Èkó ní 1979, tí òun náà ní cerebral palsy. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní ìwé nílé títí ó fi tó ọmọ ọdún 12. Ìyá tó ń bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó ti ìwé ti gbà pé ọmọ náà ní ohun tí yóò ṣe láyé. Farida di onímọ̀ kọ̀ǹpútà, òun àti ẹlòmíràn dá ilé iṣẹ́ Logiciel sílẹ̀ ní 2011, àwọn ilé ìfowópamọ́ kéékèèké sì ti lo ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe láti tọ́jú àkọsílẹ̀ owó àwọn oníbàárà wọn. Ní 2018 ó gbé Karmzah jáde, ìtàn alágbára obìnrin kan tó jẹ́ pé inú ọ̀pá ìrìn rẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, Tobiloba Ajayi, agbẹjọ́rò tó ní cerebral palsy, ń jà kí àwọn ọmọ tó ní in lè lọ sílé ìwé.

Òfin wà lẹ́yìn wa. Èkó ṣe òfin àkàndá ẹ̀dá ní 2011, òun ló sì bí LASODA, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àkàndá ẹ̀dá. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀. Òfin náà ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba, níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe, gba àkàndá ẹ̀dá tí kò ní dín ní 5 nínú 100 òṣìṣẹ́; ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí a lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024, síbẹ̀ àtẹ̀gùn ṣì ń dá wa padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọba tí ẹ ń wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Topo, ọwọ́ yín ni òfin yìí wà. Ẹ̀yin ìyá, bí ojú ìkókó bá pọ́n bí òdòdó ẹyin, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró dọ̀la. Bí ọmọ yín bá sì ti ní cerebral palsy, ẹ má tì í mọ́lé, ẹ rán an níṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká. Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ ní sùúrù kí a sọ̀rọ̀ wa tán, ẹ gbéṣẹ́ lé wa lọ́wọ́, ẹ sì gba owó ẹgbẹ́. Bí a kò bá ṣe dáadáa, ẹ bá wa wí bí ẹ ṣe ń bá ara yín wí.