Ẹ Ka Oṣù fún Ara Yín Náà



Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan ní Ìsọlọ̀ fi owó àjọ kó 100 òròmọdìyẹ sẹ́yìnkùlé, kó lè tà wọ́n ní Kérésì. Èmi ni mo bá a ka ọjọ́ àjẹsára àti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa tó tà. Mi ò béèrè nǹkan kan nípa oyún inú ẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbẹ̀.

Oṣù kọkànlá ló bímọ. Kò sẹ́ni tó bá a bójú tó adìyẹ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló kú, owó àjọ sì di gbèsè. Ó ní, “Ọ̀gá, mi ò tíì fẹ́ bímọ báyìí. Ṣùgbọ́n ta ló bi mí léèrè?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ọ̀rọ̀ owó ni o. Obìnrin tí kò lè sọ ìgbà tó máa bímọ, báwo ló ṣe máa sọ ìgbà tó máa kó adìyẹ?

Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí di ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba. Abẹ́rẹ́ wà tó ń lo oṣù 3. Èyí tí wọ́n ń fi sápá lè lo ọdún 3 tàbí 5. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bímọ, wọ́n á yọ ọ́. Ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ èyí tó bá ara yín mu.

Ẹ̀yin bàbá, kẹ́ ẹ tó ra òròmọdìyẹ, ẹ bi ìyàwó yín léèrè.