Tábìlì tí Sanmao fi Pákó Kàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé obìnrin kan láti ilẹ̀ Ṣáínà mú kí n máa bi ara mi léèrè pé, níbo gan-an ni ilé?

Sanmao ni orúkọ tí ó fi ń kọ̀wé. Chongqing ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1943. Taiwan ni ó dàgbà sí. Ní ọdún 1967, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Madrid, ní orílẹ̀-èdè Spéènì. Níbẹ̀ ni José, ọmọkùnrin tí kò tíì parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró de òun fún ọdún mẹ́fà.

Sanmao rí àwòrán aṣálẹ̀ Sàhárà nínú ìwé ìròyìn kan, ó sì dà bíi pé òun ti gbé ibẹ̀ rí, nínú ìgbésí-ayé kan ṣáájú èyí. José kò bá a jiyàn. Ó lọ wá iṣẹ́ síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wa fọ́síféètì. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní El Aaiún. Agbárí ràkúnmí ni ọkọ fi ta ìyàwó lọ́rẹ.

Ìwé rẹ̀ lórí Sàhárà jáde ní ọdún 1976. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, nítorí náà wọ́n fi pákó àwọn àpótí ńlá kan kan tábìlì. Ẹ̀yìn-ọ-rẹyìn ni wọ́n wá mọ̀ pé pósí ni wọ́n kó wá sínú àpótí náà. Wọn kò tìtorí èyí da tábìlì nù.

Ní ọdún 1979, José kú sínú òkun ní La Palma. Sanmao padà sí Taiwan, ó sì ń sọ pé òun ṣì ń bá ẹ̀mí ọkọ òun sọ̀rọ̀. Àwọn kan rò pé ìbànújẹ́ ló dà á lórí rú. Opó ni èmi náà. N kò lè bá wọn rò bẹ́ẹ̀. Àwa Yorùbá náà a máa bá òkú wa sọ̀rọ̀ létí ibojì, a kì í sì í ka onítọ̀hún sí wèrè.

Sanmao kú ní Taipei ní ọdún 1991. Lójú tèmi, kì í ṣe Taiwan nìkan ni ilé rẹ̀, kì í sì í ṣe Sàhárà. Ìdí tábìlì yẹn ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ kọ àròkọ lórí ìfẹ́, ẹ má ti orí ọ̀rọ̀ dídùn bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tí àwọn méjèèjì jọ fi ọwọ́ ara wọn kàn.