Bí Mo Ti Múra Láti Di Òǹtajà Bàálù

Nígbà tí ìwé tẹ̀ mí lọ́wọ́ pé kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Ìkejà, níbi tí wọ́n ti ń fi bàálù kéékèèké háyà fún àwọn olówó, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Èmi tí n kò wọ bàálù rí ni wọ́n fẹ́ kí n máa tà á! Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi, nítorí ọdún méjì ni mo ti fi jókòó ti ìwé ẹ̀rí mi, ìyá mi tí ń ta aṣọ ní Gbági ní Ìbàdàn ni ó sì ń bọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo ní. Mo kàwé bí ẹni tí yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá. Mo kọ́ pé ọdún 1964 ni Learjet àkọ́kọ́ dé ọwọ́ oníbàárà, àti pé ọdún 2022 ni èyí tí ó kẹ́yìn jáde. Mo kọ́ pé Gulfstream G650 lè ti Èkó dé New York láìbalẹ̀ níbì kan. Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni ọ̀ràn ìpadàbọ̀ òfìfo: bàálù tí ó gbé olówó lọ sí Àbújá, bí kò bá rí èrò mú bọ̀, òfìfo ni yóò padà, nítorí náà òǹtajà a máa wá ẹni tí yóò ra ìpadàbọ̀ náà ní pọ́ọ́kú. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó ní, ‘Èékù aṣọ nìyẹn.’

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí n wá ta bàálù fún òun kí òun gbọ́. Ó wé gèlè, ó jókòó bí ìyálóde, ó ní, ‘Ọ̀gbẹ́ni, Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń lọ. Hawker yín yìí, ṣé kò ní dúró lọ́nà?’

‘Kò ní dúró rárá, ìyá,’ ni mo wí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí yin àwọn àga aláwọ tí ń bẹ nínú rẹ̀.

‘Ìwé tí o ń kà sókè lánàá, bẹ́ẹ̀ ni ó wí?’

Mo dákẹ́. Ohun tí mo kà ni pé Hawker 800XP ní láti balẹ̀ rọ epo kí ó tó dé ọ̀hún. Ìyá mi tú gèlè rẹ̀. ‘Bí aṣọ kan bá máa ń ṣí, mo máa ń sọ fún oníbàárà kí ó tó sanwó. Bàbá rẹ a máa bínú pé mò ń lé èrò. Àwọn tí mo lé náà ni wọ́n ń mú ọmọ ìyá wọn padà wá yìí.’

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi padà sí ìbéèrè kan tí mo ti ń sá fún. Ní Nàìjíríà, ẹni tí ó ní bàálù fún ìlò ara rẹ̀ a máa gba ìwé àṣẹ tí à ń pè ní PNCF. Kò gbọdọ̀ fi gba owó lọ́wọ́ èrò. Síbẹ̀ àwọn kan ń fi í háyà ní kọ̀rọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ NCAA fi dá àṣẹ àwọn mélòó kan dúró ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Bí wọ́n bá wí fún mi pé oníbàárà ńlá fẹ́ gbéra lónìí, tí bàálù wa kò sí nílẹ̀, tí ọ̀rẹ́ wa kan sì ní ti ara rẹ̀ ńkọ́? Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé n óò wá ọgbọ́n sí i. Mo fa ìlà pa á. Mo kọ ọ́ pé n kò ní tà á, nítorí bí ewu bá ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti sanwó. N kò mọ̀ bóyá ìdáhùn náà yóò fún mi ní iṣẹ́ tàbí yóò gbà á lọ́wọ́ mi. Owó kóòtù tí mo yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lọ́rùn mi.

Ó ku ìbéèrè kan: ṣé mo ti wọ bàálù rí? Mo bi ìyá mi bóyá kí n sọ pé mo ti wọ̀ ọ́ lọ sí Àbújá lẹ́ẹ̀kan. Ó wò mí títí, ó ní, ‘Ṣé gbogbo ẹni tí ń ta pósí ni ó ti kú rí?’ A rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi kan ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Ajé, mo wọ mọ́tò ìdájí. Bí mo ti dé ẹnu ọ̀nà, bàálù kékeré kan gbéra kọjá lókè. Mo wo fèrèsé rẹ̀, ó rí bí ẹyin.

‘Gulfstream,’ ni mo wí.

‘Kí lẹ wí?’ ni aṣọ́nà bi mí. ‘Ta lẹ wá rí?’

Mo na ìwé mi sí i.