Ohun Ìjà Nínú Ìwé Àwọn Ọba Páṣíà

Láàárín àwọn ewì ńláńlá ayé, díẹ̀ ni òkìkí wọn tó ti Shahnameh, èyíinì ni Ìwé Àwọn Ọba, tí Ferdowsi, ọmọ ìlú Tus ní ilẹ̀ Páṣíà, parí ní ọdún 1010. Ẹni tí ó bá kà á gààràgà yóò rò pé ìtàn ogun lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé ohun ìjà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ní ohun tí ó ń sọ nípa ẹni tí ó dì í mú.

Ẹ wo kùmọ̀ Fereydun. Wàrà màlúù kan ni Fereydun mu dàgbà. Ọba Zahhak, ìkà tí ejò méjì hù ní èjìká rẹ̀, tí ó sì ń fi ọpọlọ ènìyàn bọ́ wọn lójoojúmọ́, pa màlúù náà. Nígbà tí Fereydun di géńdé, ó ya àwòrán orí màlúù sí ilẹ̀, ó sì ní kí àwọn alágbẹ̀dẹ rọ kùmọ̀ irin bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹran tí a pa padà wá di ìdájọ́. Kaveh alágbẹ̀dẹ, ẹni tí ọba náà ti pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀, tú awọ tí ó ń dè mọ́ iwájú nídìí iṣẹ́, ó fi í kọ́ orí ọ̀kọ̀, ó sì di àsíá. Síbẹ̀ kùmọ̀ náà kò gba ẹ̀mí Zahhak: áńgẹ́lì dá Fereydun lẹ́kun, ó sì de ìkà náà mọ́ òkè Damavand. Agbára tí ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró nìyẹn.

Ti Rostam yàtọ̀. Kùmọ̀ Sam, bàbá bàbá rẹ̀, ni ó jogún, akọni kan kò sì lè dúró níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pàdé Sohrab lójú ogun, ó fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́. Ìgbà tí ó ti gún ọ̀dọ́mọkùnrin náà tán ni ó tó rí ìlẹ̀kẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ fún ìyá ọmọ: ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni. Idà kò mọ orí alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọ́.

Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, Esfandiyar, ọmọ ọba tí irin kì í ràn, dojú kọ ọ́. Simurgh, ẹyẹ abàmì, fi igi tamarisk hàn án, pé kí ó fi ṣe ọfà tí yóò ta sí i lójú. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ta ẹ̀jẹ̀ Esfandiyar sílẹ̀ yóò jìyà rẹ̀. Rostam ta ọfà náà. Lẹ́yìn èyí, òun náà kú sínú kòtò tí ọbàkan rẹ̀ gbẹ́ dè é, tí a ri ọ̀kọ̀ mọ́ inú rẹ̀.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ń sọ ìtàn akọni fún ọmọ ilé ìwé kò gbọdọ̀ dúró lórí iye ènìyàn tí akọni pa. Ìbéèrè tí Ferdowsi fi sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ta ni ó wà níwájú idà, ǹjẹ́ ẹni tí ó gbé e sì mọ̀ ọ́n?