Tábìlì Olúwa àti Ọ̀pá Bíṣọ́ọ̀bù

Ní nǹkan bí ọdún 254, bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Sípéènì kan tó ń jẹ́ Basilides di ẹrù, ó forí lé Róòmù. Àga rẹ̀ ló ń wá lọ. Nígbà tí Decius, ọba Róòmù, ń ṣe inúnibíni sí àwọn onígbàgbọ́, Basilides ti gba ìwé-ẹ̀rí pé òun náà bọ òrìṣà ìlú. Àwọn mìíràn yàn láti kú dípò kí wọ́n gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rí ọkàn dá a lẹ́bi. Fúnra rẹ̀ ló gbé oyè sílẹ̀, tó ní bí wọ́n bá ṣáà lè jẹ́ kí òun máa jọ́sìn bí ọmọ ìjọ lásán, ó tó òun. Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, ẹni iyì ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n àga ń dunni. Ó lọ bá Póòpù Stephen ní Róòmù, kò ro gbogbo ẹjọ́ tán, Stephen sì ní kí wọ́n dá a padà sípò. Àwọn ará ilé, tí wọ́n ti fi ẹlòmíràn joyè, kọ̀wé sí Cyprian ní Carthage. Èsì Cyprian àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ rárá: kí ọkùnrin náà ronú pìwà dà, kí ìjọ gbà á mọ́ra, ṣùgbọ́n kò lè ṣe bíṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ro ìdájọ́ yìí. Lọ́dọ̀ tiwa, bí àṣírí pásítọ̀ kan bá tú, ohun méjì ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. Èkíní, "Ta ni kò lẹ́ṣẹ̀?" Èkejì, "Ẹ rántí Dáfídì." Dáfídì tí wọ́n ń fà yọ yìí, ọba ni, kì í ṣe àlùfáà, ilé rẹ̀ kò sì tòrò mọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Batṣeba, àwọn oníwàásù kì í sábà ka ìtàn náà débẹ̀. Bí alájọ bá kó owó àwọn ìyá ọlọ́jà jẹ, tó wá dọ̀bálẹ̀ tó sunkún, wọ́n lè forí jì í. Wọ́n lè jọ jẹ ìrẹsì níbi ìkómọ. Ìyá wo ni yóò tún ka owó lé e lọ́wọ́ lọ́la? Kò sì sẹ́ni tí yóò torí ìyẹn pe ìyá náà ní aláìnídáríjì. Lórí pẹpẹ nìkan ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ìdáríjì tí kò bá dá àpò owó padà, kì í ṣe ìdáríjì.

Basilides tiẹ̀ ní láti rìnrìn àjò. Ní oṣù Kejì 1988, Jimmy Swaggart, oníwàásù orí tẹlifíṣọ̀n, sunkún jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ níwájú ìjọ rẹ̀ ní Baton Rouge, ní Amẹ́ríkà, tẹlifíṣọ̀n sì gbé omijé náà ká ayé. Àwọn Assemblies of God, ìjọ tó fún un ní ìwé-àṣẹ, ní kó má wàásù fún ọdún kan. Kò gbà, wọ́n sì gba ìwé-àṣẹ rẹ̀. Kí oṣù Karùn-ún ọdún náà tó parí, ó ti padà sórí pẹpẹ. Ilé ìjọsìn tirẹ̀ ni, ètò tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ ni, ta ni yóò ní kó sọ̀ kalẹ̀? Níbí náà, ẹni tí ìgbìmọ̀ ìjọ bá dá dúró lónìí lè háyà gbọ̀ngàn lọ́la ní àdúgbò kan náà, kó gbé pátákó síta, kó sì fi "Àgbáyé" kún orúkọ ìjọ tuntun.

Ohun tí wọ́n sì máa ń fi gbè é lẹ́sẹ̀ ni pé òróró kò gbẹ lórí rẹ̀: aláìsàn ṣì ń gbàdúrà gbà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà inúnibíni Diocletian, tó bẹ̀rẹ̀ ní 303, àwọn àlùfáà kan kó Ìwé Mímọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọba kí wọ́n lè dáná sun ún. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹgbẹ́ Donatus ní Áfíríkà ní gbogbo ìsìn tó ti ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá, òfo ni. Ìjọ kò gbà bẹ́ẹ̀, Augustine sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jà á níyàn pé Kristi ló ń ṣèrìbọmi, kì í ṣe ọwọ́ àlùfáà. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Arles ti sọ ní 314: ẹni tí wọ́n bá fi jẹ àlùfáà láti ọwọ́ ọ̀dàlẹ̀, àlùfáà ni; ọ̀dàlẹ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn ọmọ ìjọ ni ẹ̀kọ́ yẹn ń fọkàn wọn balẹ̀, pé ìrìbọmi wọn kò bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ṣe é láti fi ṣọ́ àga ẹlẹ́ṣẹ̀. Wọ́n tún fi nǹkan kan kún un tí mo fẹ́ràn púpọ̀: àkọsílẹ̀ ìjọba ni kí wọ́n fi dá a lẹ́bi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ká ní àwọn òyìnbó míṣọ́n CMS rántí gbólóhùn yẹn ní Onitsha! Ní oṣù Kẹjọ 1890, ìgbìmọ̀ ìṣúná míṣọ́n náà jókòó níbẹ̀. Samuel Ajayi Crowther, bíṣọ́ọ̀bù adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà, ni alága. Ó ti tó ẹni 80 ọdún. Graham Wilmot Brooke, tó wà lára àwọn tó dojú kọ ọ́, kò tíì pé 30. Ẹ̀sùn wọn ni pé àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́ Crowther, tí ọ̀pọ̀ wọn ti Sàró wá, ń ṣòwò, àti pé ìwà wọn kò mọ́. F. N. Eden, akọ̀wé, ní òun ní àṣẹ láti dá àlùfáà dúró. Bíṣọ́ọ̀bù tí àlùfáà wà lábẹ́ rẹ̀ jókòó níbẹ̀! Crowther ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ya òun lẹ́nu, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ o. Wọ́n ti na ọmọbìnrin ẹrú kan ní Onitsha títí ó fi kú, àwọn òṣìṣẹ́ míṣọ́n méjì sì jẹ́jọ́ rẹ̀ ní Freetown ní 1882. Ẹ̀sùn gidi nìyẹn, ó ní ẹlẹ́rìí, ó ní adájọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1890 yàtọ̀: ojú afurasí ni wọ́n fi ń wo adúláwọ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí apá bá ká ni ìbáwí ń yára bá. Nínú ìjọ tí mo dàgbà sí, ọmọbìnrin akọrin tó bá lóyún láìṣe ìgbéyàwó, ìjókòó ẹ̀yìn ni tirẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan Oúnjẹ Olúwa títí àwọn àgbà yóò fi ní ó tó. Ẹni tó fún un lóyún ńkọ́? Bó bá jẹ́ ọmọ alàgbà, wọ́n á ní ká fi àdúrà ràn án lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run, wọ́n á gbé e lọ sí agbègbè mìíràn, ìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 2014, nígbà tó pé 150 ọdún tí wọ́n fi Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà, tọrọ àforíjì nínú kàtídírà yẹn kan náà fún bí wọ́n ṣe já a kulẹ̀. Ó dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ ti lo ju 120 ọdún lọ nínú ibojì. Ọdún 10 lẹ́yìn náà, Welby fúnra rẹ̀ fipò sílẹ̀, nítorí pé wọ́n ní kò tọpa ọ̀rọ̀ John Smyth bó ti yẹ, ọkùnrin tó na ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ní ìnà ìkà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Zimbabwe.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni ti oṣù tó tẹ̀ lé e. George Carey, tó ṣe Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà láti 1991 sí 2002, dá ìwé-àṣẹ iṣẹ́ àlùfáà rẹ̀ padà ní ẹni ọdún 89. Ìgbà tirẹ̀ ni àlùfáà kan padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1994, lẹ́yìn ìdádúró ọdún 5 lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdébìnrin. Nígbà tó yá, Ìjọ England pàṣẹ pé àlùfáà yìí kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọdé; síbẹ̀, wọ́n fi ìjọ odindi sílẹ̀ ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ta ló ń bá a dúró ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi? Ọdún 2024 ni wọ́n tó yọ ọ́ títí láé.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwọn tó gbà á padà lè gbà lóòótọ́ pé àánú ni wọ́n ń ṣe, n kò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Tábìlì Olúwa gbòòrò tó láti fi ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ìjọ tó dá ọ̀pá padà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tí onítọ̀hún ṣẹ̀ ló yẹ kí ìwé kọ́kọ́ lọ, bí wọ́n ti wù kí wọ́n dàgbà tó nígbà náà, kí wọ́n sì ní àṣẹ láti sọ pé rárá.